Alùpùpù Orí Òkúta

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ogbómọ̀ṣọ́ sí Ìrẹsà-Adú ní kùtùkùtù ọjọ́ ọjà yóò rí ohun tí ó lè pa á lẹ́rìn-ín, tí ó sì lè bà á lẹ́rù lẹ́ẹ̀kan náà. Alùpùpù ń bọ̀ lókèèrè, ṣùgbọ́n alùpùpù náà kò hàn. Àpò gààrí, ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀, agbọ̀n adìẹ àti obìnrin kan tí ó pọn ọmọ ni ojú kọ́kọ́ rí, gbogbo wọn sì dà bí ẹni pé wọ́n ń fò bọ̀ lórí eruku. Ìgbà tí wọ́n bá sún mọ́ tòsí tán ni táyà méjì yóò tó yọ lábẹ́ ẹrù, tí ariwo ẹ́ńjìnnì yóò sì kọjá lọ fìrì. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tí ó mọ ọ̀nà oko agbègbè náà bí i tirẹ̀. Nígbà òjò, ilẹ̀ pupa ibẹ̀ a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Nígbà ọyẹ́, eruku rẹ̀ a máa dúró lójú afẹ́fẹ́ títí di ọ̀sán. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ a máa yẹra fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Alùpùpù ni kì í yẹra.

Ìrẹsà-Adú ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Súrùlérè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Ìrẹsà-Apá wà. Ìlú àgbẹ̀ ni ìlú méjèèjì. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kaṣú ni ilẹ̀ wọn ń mú jáde, Ogbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun oko náà sì ń wọ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, orí ni àwọn obìnrin fi ń ru irú ẹrù wọ̀nyí, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni àwọn ọkùnrin sì ń dì í sí. Alùpùpù nígbà náà jẹ́ ohun ọlá. Ọ̀gá ilé-ìwé àti wọléwọlé ni ó ń gun BSA tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọdé a sì máa sáré tẹ̀lé e títí yóò fi kúrò ní ìlú. Lẹ́yìn èyí ni Honda, Suzuki àti Yamaha ti ilẹ̀ Japan dé. Lónìí, Bajaj Boxer tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà wá ni ó gba ojú ọ̀nà kan. Ní ti orúkọ ọ̀kadà tí gbogbo ènìyàn ń pe alùpùpù akérò, ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air ni ó ti wá, èyí tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé tipẹ́, kò sí ọkọ̀ rẹ̀ kan tí ó ń fò lójú ọ̀run mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ń sáré kiri nínú ẹrẹ̀ ní gbogbo abúlé.

Alùpùpù tí ojú ń wò bí ohun kékeré yìí wúwo. Bajaj Boxer, tí kì í ṣe ńlá nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ̀n ju kìlógíráàmù 100 lọ kí a tó di ẹrù kankan lé e. Àpò símẹ́ǹtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Nítorí náà ẹni tí alùpùpù bá wó lù dà bí ẹni tí àpò símẹ́ǹtì méjì wó lù, àfi pé símẹ́ǹtì kò ní irin ṣóńṣó, kò ní sàlẹ́ńsà gbígbóná, kò sì gbé epo bẹntiróòlù sínú.

Ọkùnrin kan wà ní Ìrẹsà-Adú tí ó jẹ́ pé alùpùpù ni ó fi ń jẹun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbẹ̀ ni. Oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jìnnà sí ìlú. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ẹ̀gẹ́ náà yan gààrí ní ẹ̀yìnkùlé, ọkọ a sì máa di gààrí náà sẹ́yìn alùpùpù lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́. Bí alùpùpù bá kọṣẹ́, gààrí yóò jókòó, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ yóò sì jókòó tì í. Mẹkáníìkì kò ṣọ̀wọ́n ní ìlú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kéékèèké pọ̀ tí kò yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ lọ jókòó sí ẹnu iṣẹ́ ẹlòmíràn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́: ṣéènì tí ó dẹ̀, ọ́ìlì tí ó ti dúdú, pọ́lọ́ọ̀gì tí èéfín ti bò, tíúbù tí ìṣó gún. Ọkùnrin náà ti dúró ti àwọn mẹkáníìkì títí ó fi mọ iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe. Ó ní sípánà mẹ́fà, píńṣọ̀ kan àti páǹpù kan, inú garawa bisikíìtì kan ni ó sì kó gbogbo wọn sí. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun kò ní in. Ohun náà ni ohun tí yóò gbé alùpùpù dúró nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lára rẹ̀.

Nígbà tí ó ra alùpùpù náà, sítáńdì méjì ni ó bá a wá, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Èkínní ni sítáńdì ẹ̀gbẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ kan, tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ ta jáde ní ọwọ́ òsì. Èkejì ni èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dọ́bù sítáńdì, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí ó wà láàrin lábẹ́ alùpùpù, tí ó sì ń gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wúwo tí alùpùpù sì tẹ̀ wálẹ̀, dọ́bù sítáńdì a máa ha ilẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá rí gbágungbàgun. Nígbà tí ó yá, sípíríǹgì rẹ̀ já, sítáńdì sì ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n tí ajá já. Ọkùnrin náà bínú, ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́, ó jù ú sí ẹ̀yìn ilé, orí rẹ̀ ni àwọn adìẹ sì wá ń sùn lálẹ́. Láti ìgbà náà, bí ó bá fẹ́ tú táyà ẹ̀yìn, òkúta ni ó ń kì bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Ó di ọjọ́ Sátidé kan nígbà òjò. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ sì tutù. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni. Tíúbù ẹ̀yìn ń jò, ọjọ́ kejì ni ó sì fẹ́ gbé gààrí lọ. Kò dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ó gbé òkúta kan sí abẹ́ rẹ̀, kò ga tó; ó gbé òmíràn gun orí èkínní, ó tó. Ó pe àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó wà ní ilé-ìwé girama, pé kí ó wá di ọwọ́ alùpùpù mú. Ẹ̀yìnkùlé kan náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń yan gààrí, ààrò rẹ̀ kò sì ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ sí ibi tí wọ́n wà.

Nọ́ọ̀tì táyà náà ti dípẹtà. Ọkùnrin náà ki sípánà bọ̀ ọ́, ó fà á, kò tú. Ó tún fà á.

Ọmọ náà ní, “Bàbá, ó ń mì.”

Baba ní, “Dì í mú ṣinṣin.”

Ó fi gbogbo agbára fa sípánà lẹ́ẹ̀kẹta. Nọ́ọ̀tì tú, òkúta òkè sì yọ̀ kúrò lórí òkúta ìsàlẹ̀. Alùpùpù náà wó sí ọ̀tún, níbi tí ọmọ wà. Ọmọ náà gbìyànjú láti dì í mú gẹ́gẹ́ bí a ti wí fún un, ìgbọràn rẹ̀ sì ni kò jẹ́ kí ó fò kúrò. Ojúgun rẹ̀ há sáàrin sàlẹ́ńsà gbígbóná àti ilẹ̀. Bí ó ti ń ké, òórùn epo bẹntiróòlù gba afẹ́fẹ́. Ìdérí ojò epo kò tì dáadáa tẹ́lẹ̀. Epo ń dà jáde, ó ń wá ìsàlẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ náà sì ni ààrò gààrí wà.

Ìyàwó rẹ̀ kò kígbe. Ó gba igbá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi bu iyẹ̀pẹ̀ tútù, ó dà á lé iná. Ó tún bù ú, ó dà á lé ojú ọ̀nà epo. Gààrí tí ó wà nínú agbada ń jóná, kò wò ó. Ìgbà tí iná ti kú tán ni ó tó sáré lọ sí ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń fi èjìká gbé alùpùpù kúrò lórí ọmọ. Bí ó bá jẹ́ pé omi ni ó dà lé epo náà ni, epo ìbá léfòó lórí omi náà, ìbá sì bá a sáré dé ibi tí iná wà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ obìnrin náà ní èyí ní ilé-ìwé.

Aládùúgbò kan gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ní Ogbómọ̀ṣọ́. Àwọn dókítà ya àwòrán egungun rẹ̀, wọ́n rí i pé kò dá. Ṣùgbọ́n ẹran ara ojúgun ti jó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ náà sì fi jókòó sílé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé.

Bí ó ti máa ń rí nígbà tí aburú bá ṣẹlẹ̀, àwọn tí ó wá kí wọn ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Àwọn kan ní ayé ni. Àwọn kan bú òkúta. Ẹnì kan tilẹ̀ bú ọmọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò le. Ìyá ọkùnrin náà, tí ó ti dàgbà púpọ̀, tí ó sì ti dáná ju iye tí ènìyàn lè kà lọ, kò dá sí i títí àwọn àlejò fi tú ká. Lẹ́yìn náà ni ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé:

“Òkúta mélòó ni o gbé e lé?”

“Méjì ni, Ìyá.”

“Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, àbí ọ̀kan gun èkejì?”

“Ọ̀kan gun èkejì ni, mà.”

“Ọ̀kan ni yẹn. Ààrò mẹ́ta ni kì í da ọbẹ̀ nù. O gbé òkúta kan kalẹ̀, táyà iwájú ṣe èkejì, o wá fi ọmọ rẹ ṣe ààrò kẹta.”

Ọkùnrin náà kò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní kò jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí a lè sọ nípa sítáńdì. Orí ìlà kan ṣoṣo ni táyà méjèèjì alùpùpù wà, ohun tí ó bá sì dúró lórí ìlà kan yóò wó sí ọ̀tún tàbí sí òsì, bí kò bá ti wà lórí eré. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe alùpùpù elépo mọ èyí. Nígbà tí Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach kan tiwọn ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1885, igi ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi táyà kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kí ó má baà ṣubú. Sítáńdì ẹ̀gbẹ́ ni ààrò kẹta lẹ́yìn táyà méjì, ṣùgbọ́n ààrò tí ó sún mọ́ àwọn ìyókù jù ni. Bí a bá fa ìlà láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn, tí a sì fà á láti ara méjèèjì dé ẹsẹ̀ sítáńdì náà, onígun mẹ́ta tí yóò hàn nílẹ̀ yóò gùn, yóò sì tín-ín-rín. Inú onígun mẹ́ta yìí ni gbogbo ìwúwo alùpùpù gbọ́dọ̀ dúró sí. Bí ó bá ti jáde kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀, ó di ilẹ̀. Ọmọdé tí ó bá ti alùpùpù bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ òsì lè wó o. Bí ilẹ̀ bá sì rọ̀, ẹsẹ̀ kan náà yóò máa rì díẹ̀díẹ̀ títí alùpùpù yóò fi tẹ̀ kọjá ààlà. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́kadà ọlọgbọ́n fi ń gbé agolo títẹ́ tàbí pákó pẹlẹbẹ sí abẹ́ rẹ̀. Sítáńdì ẹ̀gbẹ́ dára fún ẹni tí ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ra ẹ̀kọ. Kò dára fún iṣẹ́. Kò gbé táyà kankan kúrò nílẹ̀, àní ọ́ìlì pàápàá kò ṣeé wọ̀n lórí rẹ̀, nítorí pé bí alùpùpù ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni ọ́ìlì náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀pá ìwọ̀n yóò sì purọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí jiná, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí wádìí. Ó kọ́kọ́ rò pé jáàkì ni yóò tán ìṣòro òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù yá a ní jáàkì ọlọ́ìlì kan, èyí tí ó rí bí ìgò. Ohun ìyanu ni jáàkì yìí. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ni Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣàlàyé pé bí a bá tẹ omi tí a sé mọ́ inú ohun kan, títẹ̀ náà yóò kárí gbogbo ara omi náà láìdínkù. Ní ọdún 1795, Joseph Bramah, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọgbọ́n náà ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀ tí a fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí. Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú jáàkì. Ihò kékeré kan ń ti ọ́ìlì sínú ihò ńlá. Bí ojú ihò ńlá bá fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti kékeré, agbára yóò di ìlọ́po mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ibi tí ẹrù yóò gòkè dé yóò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ibi tí ọwọ́ rìn. Ìdí nìyí tí ọwọ́ fi ń fa jáàkì lọ fa jáàkì bọ̀ kí ọkọ̀ tó gòkè ní ìwọ̀n ìka kan.

Ọkùnrin náà gbé jáàkì sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fà á, táyà kúrò nílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi fi ìka kan ti ìjókòó, tí gbogbo alùpùpù sì mì bí ẹni tí ó mu ẹmu. Orí jáàkì kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Òkúta kan ṣoṣo tún ni, àfi pé òkúta yìí mọ̀ ọ́n gòkè. Lẹ́yìn èyí, awakọ̀ náà sọ ohun kan fún un tí gbogbo awakọ̀ mọ̀: awọ tí ó sé ọ́ìlì mọ́ inú jáàkì lè gbó, jáàkì a sì máa sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ a máa fi jáàkì gbé ẹrù sókè, lẹ́yìn náà a máa ki ohun líle bọ abẹ́ rẹ̀ kí ó tó na ọwọ́ sí i. Ọkùnrin náà dá jáàkì padà fún oníjáàkì.

Ó dé Ogbómọ̀ṣọ́. Ó wo ọwọ́ àwọn tí ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà Sábó. Ẹnì kan nínú wọn a máa dà alùpùpù dùbúlẹ̀ lórí táyà ògbólógbòó. Iṣẹ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n epo a máa jò jáde, omi bátìrì a sì máa jò tẹ̀lé e, omi náà sì burú fún aṣọ àti fún awọ ara. Ẹnì kan ní okùn tí ó so mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, tí ó fi ń fa ọwọ́ alùpùpù sókè bí ó bá fẹ́ tú táyà iwájú. Èyí kò burú bí ẹ̀ka bá tútù tí okùn sì tuntun, ṣùgbọ́n okùn ọ̀gbẹ́ni yìí ti gbó débi pé ènìyàn kò ní fi so ewúrẹ́. Ẹnì kẹta ni ó gbọ́n jù. Rímù ọkọ̀ akẹ́rù ni ó tẹ́ sílẹ̀ pẹlẹbẹ, ó gbé ẹ́ńjìnnì lé e, ó wúwo, ó fẹ̀, kò sì yí. Àléébù rẹ̀ ni pé bí a ti dá a náà ni ó ga mọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó ga sí i ní láti wá pákó tẹ́ orí rẹ̀.

Níbẹ̀ náà ni ó ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní alùpùpù ńlá tí kò ní dọ́bù sítáńdì rárá. Ó ní irin alápá gígùn kan tí ó ń fi kọ́ abẹ́ irin ẹ̀yìn tí ó di táyà mú, tí ó sì ń tẹ apá rẹ̀ wálẹ̀ kí ẹ̀yìn alùpùpù gòkè. Òun ni ó sọ fún ọkùnrin náà pé ní òkè òkun, àwọn mẹkáníìkì ní tábìlì irin tí ó ń gbé alùpùpù odidi sókè dé ìbàdí ènìyàn, tí ó lè ru kìlógíráàmù 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oníṣẹ́ kò sì ní bẹ̀rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Fún ẹni tí ó ń tún alùpùpù mẹ́wàá ṣe lóòjọ́, irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ilẹ̀ símẹ́ǹtì tí ó tẹ́jú, ó ń fẹ́ àyè, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tí ó ní alùpùpù kan ṣoṣo ní ẹ̀yìnkùlé oníyẹ̀pẹ̀ tí ó lọ rà á, gàárì ni ó rà sílẹ̀ de ẹṣin.

Ọkùnrin náà padà sílé, ó lé àwọn adìẹ kúrò lórí sítáńdì rẹ̀ àtijọ́.

Ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn jórinjórin. Wọ́n rí i pé ihò tí bóòtì rẹ̀ ń gbà kọjá ti jẹ, wọ́n dí i, wọ́n lu òmíràn. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ jó abẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì kí wọ́n má baà rì. Ó ra sípíríǹgì tuntun, ó sì fi gíríìsì sí ibi tí irin ti ń yí lórí irin. Owó rẹ̀ kò pọ̀ tó owó àpò gààrí kan. Ohun tí ó wọ́n jù ni ohun tí jórinjórin sọ fún un nígbà tí ó rí bí abẹ́ sítáńdì ti ha: pé bí alùpùpù bá tẹ̀ débi tí sítáńdì fi ń gbá ilẹ̀, ẹrù ni ó pọ̀ jù, kì í ṣe sítáńdì ni ó gùn jù. Àpò mẹ́ta ni ọkùnrin náà ń dì. Ó ronú lé e lórí ní ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé àpò kẹta ni èrè wà nínú rẹ̀. Níkẹyìn ó sọ ọ́ di méjì, ó sì ń lọ ní ẹ̀ẹ̀kan sí i láàrin oṣù.

Dọ́bù sítáńdì parí iṣẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tí ó yà síra àti táyà iwájú jẹ́ ààrò mẹ́ta tí ó fẹ̀ dáadáa, bí a bá sì yọ táyà ẹ̀yìn kúrò, iwájú ni ìwúwo ń sún sí, alùpùpù a sì túbọ̀ jókòó. Táyà iwájú ni ó kù. Bí a bá yọ ọ́, ààrò kan ti lọ nìyẹn, alùpùpù yóò sì dojú délẹ̀. Fún èyí, ó lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà. Gbẹ́nàgbẹ́nà kò bèèrè ohun púpọ̀. Ó ní kí ẹnì kan jókòó sí ìdí alùpùpù lórí dọ́bù sítáńdì, kí iwájú fi lè gòkè, ó sì fi ọ̀pá wọn àyè tí ó wà láàrin ilẹ̀ àti abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ó kan àpótí ìrókò kan tí kò ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, ó sì kan awẹ́ táyà ògbólógbòó mọ́ orí rẹ̀ kí irin má baà yọ̀ lórí igi. Àpótí náà wúwo. Ìyá àgbà jókòó lé e lórí ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, ó ní ó dára fún bíbó ẹ̀gẹ́, wọn kò sì tètè rí i gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku bí a ti ń gbé alùpùpù gun dọ́bù sítáńdì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé apá ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, wọn a sì máa fa alùpùpù sókè títí ẹ̀yìn yóò fi máa dùn wọ́n. Ẹsẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é yóò dúró sí ọwọ́ òsì alùpùpù, yóò fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ìdarí mú, yóò fi ọwọ́ ọ̀tún di kárìà ẹ̀yìn mú. Yóò fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ apá sítáńdì wálẹ̀ títí ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀ bákan náà. Bí ọ̀kan bá kan ilẹ̀ ṣáájú èkejì, kí ó tún alùpùpù gbé dúró ṣánṣán. Nígbà náà ni yóò gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ tí ó tẹ sítáńdì, alùpùpù yóò sì yí gòkè fúnra rẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Nínú ilé yìí, ọmọ tí ojúgun rẹ̀ jó ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Baba rẹ̀, tí ó sanra jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, ṣì ń fi apá fà á.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ṣéènì dẹ̀. Ọjọ́ Sátidé náà ni. Wọ́n kò ṣe é ní ẹ̀yìnkùlé mọ́. Iwájú ilé ni wọ́n lọ, níbi tí ilẹ̀ ti le tí kò sì sí iná. Baba dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ó ti ẹnu epo, ó fi awẹ́ tíúbù di bíréèkì iwájú mọ́ ọwọ́ alùpùpù kí táyà iwájú má baà yí. Ọmọ tẹ sítáńdì, alùpùpù gòkè. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn, wọ́n fa táyà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì títí ṣéènì fi ṣẹ́ku ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 tí ó lè fi mì sókè sódò. Ọmọ fi ọwọ́ yí táyà, baba ń kán ọ́ìlì sí ṣéènì. Nígbà kan rí, ẹ́ńjìnnì ni ó ń jẹ́ kí ó yí ṣéènì nígbà tí ó bá ń fi ọ́ìlì sí i, irú iṣẹ́ yìí sì ni ó gba ìka méjì lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan tí ó mọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n parí, ìyá àgbà ti inú ilé jáde, ó tẹ̀ wò wọ́n. Ó di kárìà alùpùpù mú, ó sì mì ín ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kò mì. Ó tẹ̀ba wo abẹ́ rẹ̀, ó na ìka sí ẹsẹ̀ sítáńdì kan, ó nà án sí èkejì, ó nà án sí táyà iwájú. Ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ó dúró sí ìhà kejì pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, tí kò di ohunkóhun mú. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè bóyá wọ́n ti parí pẹ̀lú àpótí òun, nítorí ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀ tí òun fẹ́ bó.